Omi Ìfọwọ́ Ìyá Táyé

Èékánná ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni mo gé tán ní ọjọ́ tí a jọ wà pọ̀ kẹ́yìn. Mo wọ awò ojú mi, mo tẹ́ aṣọ ìnuwọ́ sábẹ́ ọwọ́ náà kí ègé èékánná má baà já sórí ibùsùn ilé ìwòsàn, mo sì ń gé e lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ń wò mí. Ó ní, "Bàbá Dàpọ̀, èékánná ni mo ní kí ẹ gé o. Mi ò ní kí ẹ máàkì ìwé ìdánwò." Olùkọ́ ìṣirò ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, ó sì mọ ibi tí ó yẹ kí òun ti gún mi. Nígbà tí mo fẹ́ mú ọwọ́ òsì, ó fà á sẹ́yìn díẹ̀. "Ẹ fi ti òsì sílẹ̀ di ọ̀la. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ wà." Mo gbọn aṣọ ìnuwọ́ náà sínú agbọ̀n ìdọ̀tí, mo sì jókòó. Agogo méjì ọ̀sán ti kọjá díẹ̀. Òògùn tí wọ́n fún un láàárọ̀ ti ń tán lára rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n láti inú bí ó ṣe ń rọra mí, bí ẹni tó ń gbé abọ́ tó kún fún omi. Ó wá ní, "Ẹ gbé ọwọ́ lé mi bí Ìyá Táyé ṣe máa ń ṣe fún bàbá yín."

Àbẹ̀kẹ́ kò fojú kan Ìyá Táyé rí. Obìnrin náà ti kú kí èmi àti Àbẹ̀kẹ́ tó pàdé. Ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ, ní ọdún àkọ́kọ́ tí a fẹ́ra, lẹ́ẹ̀kan péré. N kò mọ̀ pé ó tọ́jú ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí ní ọdún tí ohun tí mo sọ fún un náà ṣẹlẹ̀. Ìsọlọ̀ ni a ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ẹnu ọ̀nà wọn dojú kọra, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì la àárín wọn já. Fèrè ilé iṣẹ́ aṣọ tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ló ń jí wa láàárọ̀, òun náà ló sì ń sọ fún àwọn ìyàwó ilé ní ìrọ̀lẹ́ pé kí wọ́n gbé omi ẹ̀bà kaná. Ọkọ̀ òfurufú ń gba orí wa kọjá lọ balẹ̀, ariwo rẹ̀ sì máa ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń jà nídìí ẹ̀rọ omi á dákẹ́ láàárín èébú, wọ́n á gbójú sókè títí yóò fi kọjá, kí wọ́n tó bu ara wọn parí láti ibi tí wọ́n dé. Èmi ni mo ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi ni mo ń nu gíláàsì àtùpà, èmi ni mo sì ń to korobá sórí ìlà kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí bàbá mi bá dé láti ibi iṣẹ́, n óò jókòó sẹ́yìn wọn lórí àpótí, n óò máa ṣa òwú kúrò nínú irun wọn. Òwú náà máa ń bò wọ́n lórí bíi pé wọ́n ti hewú. Ìyá mi a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ láti ẹnu ọ̀nà yàrá: "Ẹ wo baálé mi, ó ti darúgbó lọ́sàn-án gangan." Bàbá mi kò dàgbà débi tí wọ́n á fi hewú. Orí tèmi ti funfun báyìí, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣà kúrò níbẹ̀.

Yàrá tó sún mọ́ ẹnu géètì ni ti Ìyá Táyé. Ará Ìkirun ni wọ́n, opó ni wọ́n, kẹrosíìnì ni wọ́n sì ń tà. Àgbá kan, àrọ kan, àti oríṣiríṣi ìgò tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni gbogbo ìsọ̀ wọn. Àwọn àti ìyá mi jọ ń lọ sí ilé àdúrà kékeré kan ní ìparí àdúgbò wa. Nínú ilé àdúrà yẹn, àwọn kan ń ríran, àwọn kan mọ orin í dá. Ọwọ́ ni ẹ̀bùn ti Ìyá Táyé. Wọn kì í pariwo, wọn kì í gbọ̀n, wọn kì í lé ẹ̀mí kankan jáde. Wọ́n á fi ọṣẹ dúdú àti osàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́ títí òórùn kẹrosíìnì yóò fi dín kù, torí kì í lọ tán. Wọ́n á wá gbé àtẹ́lẹwọ́ kan sábẹ́ ibi tó ń dun ènìyàn, wọ́n á gbé èkejì lé e, wọ́n á sì dákẹ́. Àwọn tí wọ́n gbé e lé máa ń sọ pé ooru kan ń ti ibẹ̀ jáde, pé ó dà bí ìgbà tí oòrùn bá yọ sí ènìyàn lára lẹ́yìn òjò. Nígbà tó bá yá, wọ́n á béèrè pé, "Níbo ló kù sí?" Ìbéèrè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wọn. Wọn kì í bi ènìyàn bóyá ó ti lọ. Ibi tí ẹni náà bá ní ó kù sí ni ọwọ́ wọn máa lọ, láti ìbàdí dé itan, láti itan dé orúnkún, wọ́n á máa lé e lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi dé orí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí aláìsàn bá sì fẹ́ dákẹ́ nítorí ìtìjú tàbí àpọ́nlé, wọ́n á gbá a lápá díẹ̀: "Sọ̀rọ̀ o jàre. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Bí wọ́n bá parí, wọ́n á fi omi tútù ṣan ọwọ́ wọn nínú abọ́. Omi yẹn kò gbọdọ̀ dà sílẹ̀ níbi tí aláìsàn wà. Wọ́n ní ìrora tó bá ti jáde kò ní ilé, ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló máa bá lọ. Ẹ̀yìn ilé wa, ní ìdí ògiri tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá, ni wọ́n ń dà á sí, ẹni tó bá dà á kì í sì í bojú wẹ̀yìn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún náà, fèrè ilé iṣẹ́ fọn ní àsìkò tí kì í fọn. Mo rántí bí àwọn obìnrin ilé wa ṣe sáré jáde sí ojúde láìwọ bàtà, tí wọ́n dúró, tí ẹnu wọn ń mì láìsí ohùn. Ó pẹ́ kí n tó lóye pé ohun tí olúkúlùkù wọn ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kó jẹ́ ọkọ ẹlòmíràn. Ọkọ ìyá mi ni. Ẹ̀rọ kan wó lu ẹsẹ̀ òsì bàbá mi. Wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ìkọjá ọjà Bọ́ládé, láti ọjọ́ kejì ni èmi àti Ìyá Táyé sì ti ń lọ síbẹ̀ ní agogo mẹ́rin, nígbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Èmi ni mo ń gbé omi ìfọwọ́ náà bọ̀ wálé nínú ìgò. Ìgò kẹrosíìnì ni tẹ́lẹ̀, a ti fọ̀ ọ́ títí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rùn. "Ọkọ mi, ṣé ọwọ́ ò ro ẹ́?" ni Ìyá Táyé máa ń bi mí lọ́nà. N óò ní kò ro mí, mà. Ó ń ro mí.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń mójú tó wọ́ọ̀dù náà, obìnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín, wò wá tìfura-tìfura ní ọjọ́ kìíní. "Ìyá, ẹ gbàdúrà yín o, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan báńdéèjì mi."

Ìyá Táyé ní, "Ọmọ mi, báńdéèjì kọ́ ló ń dùn ún."

Nọ́ọ̀sì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí bàbá mi, ó ní, "Ọ̀gá, bí ó bá ń dùn yín, ẹ sọ fún wa. Bí ẹsẹ̀ yìí bá fẹ́ bàjẹ́, ìrora ló máa kọ́kọ́ sọ fún wa."

Mo fi ojú ara mi rí i pé bàbá mi ń sùn lábẹ́ ọwọ́ yẹn. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ohun tí a kò bá lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kí a má kọ ọ́ sílẹ̀, n kò ní ọ̀nà tí mo lè gbà fìdí èyí múlẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i. Bàbá mi á máa dáhùn pé, "Ó kù sí orúnkún, Ìyá… ó ti sọ̀ kalẹ̀… ó wà lọ́rùn ẹsẹ̀," ohùn wọn á máa lọ sílẹ̀, eyín wọn tó ti há mọ́ra á tú, oorun á sì gbé wọn. Wọ́n ṣì ń gba abẹ́rẹ́ wọn lówùúrọ̀ àti lálẹ́. Ìyá Táyé kò fi ìgbà kankan sọ pé kí wọ́n má gbà á. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣe é báyìí.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, mo sì ti gbìyànjú púpọ̀ láti fi í sọ́rùn ẹnì kan. Ní ilé àdúrà tiwa, a kì í dúró de ìwòsàn kí a tó jẹ́rìí sí i. Ẹni tó gbàgbọ́ ló máa kọ́kọ́ dìde dúpẹ́, ìwòsàn á wá bá ọpẹ́ náà níbi tó wà. Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta, ìyá mi jó lọ síwájú, wọ́n sì jẹ́rìí pé ẹsẹ̀ ọkọ wọn kò dùn ún mọ́. Gbogbo ilé àdúrà hó. Ìyá mi kò parọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni wọ́n ṣe. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tẹ̀ lé wa lọ sí ilé ìwòsàn, nígbà tí Ìyá Táyé sì lọ bu omi sínú abọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ sí bàbá mi létí. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni èmi Àlàní dúró sí pẹ̀lú ìgò mi.

"Mo ti jẹ́rìí o, Bàbá Àlàní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹnu ara yín da ìwòsàn yín rú. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ó ti lọ."

"Àmọ́ ó ń dùn mí. Ti àná ò tó tòní."

"Ẹ ní ó ti lọ. Ẹ bá mi gbà á gbọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí n di òpùrọ́ lójú ìjọ ni?"

Bàbá mi wo àjà. Nígbà tí Ìyá Táyé gbé ọwọ́ lé itan wọn, tí wọ́n béèrè pé níbo ló kù sí, bàbá mi ní, "Kò kù síbì kankan, Ìyá. Mo dúpẹ́." Ìyá Táyé kò gbé ọwọ́ kúrò. Ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ò gbọ́ bẹ́ẹ̀." Bàbá mi tún dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì àgbà dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó bi wọ́n bóyá ó ṣì ń dùn wọ́n. "Rárá o. Ọlọ́run ti ṣe é." Ó wò wọ́n dáadáa, ó tún bi wọ́n, wọ́n sì tún un sọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Láti ibi tí mo dúró sí, ọwọ́ bàbá mi tó wà lábẹ́ aṣọ ìbora ni mò ń rí. Ó di etí ibùsùn mú débi pé oríkèé ìka wọn funfun. Wọ́n rí i pé mo rí i. Ojú wọn bẹ̀ mí. Mo wo ìgò mi.

Nígbà tí à ń padà, a dúró ní Bọ́ládé kí Ìyá Táyé lè ra osàn wẹ́wẹ́. Àwọn èrò ń kọlù mí níbi tí mo dúró sí, ìgò náà sì wúwo. Mo rò ó ní orí ọmọdé mi. Bàbá mi ní ìrora kò sí mọ́. Bí ìrora kò bá sí mọ́, kí ni mò ń gbé? Omi lásán ni. Bí kì í bá sì í ṣe omi lásán, a jẹ́ pé bàbá mi parọ́, bàbá mi kì í sì í parọ́. Mo ṣí ìgò náà lẹ́yìn Ìyá Táyé, mo dà á sínú gọ́tà, mo wo bí ó ti ń lọ láàárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Lójú mi, mo ń ran bàbá mi lọ́wọ́ ni, mò ń bá wọn gbà á gbọ́.

Bàbá mi kò béèrè abẹ́rẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, wọn kò sì ráhùn. Ní ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, ẹsẹ̀ náà ti dúdú kọjá orúnkún. Wọ́n gé e. Ọjọ́ kẹta ni bàbá mi kú. Ilé wa kún, ọkọ̀ òfurufú ń kọjá lórí ẹkún, àwọn ènìyàn sì ń dákẹ́ fún un bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ìyá mi jókòó sórí ẹní, wọn kò sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tí wọ́n sì sọ̀rọ̀, gààrì ni wọ́n ní kí n lọ rà. Wọn kò padà sí ilé àdúrà yẹn. Ìyá Táyé pè mí sẹ́yìn ilé, ní ìdí ògiri. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, ṣé gbogbo omi yẹn lo dà síbi tí mo ní?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Wọ́n wò mí pẹ́, bí wọ́n ṣe wo bàbá mi. Wọ́n ní, "Ó dáa." N kò rí wọn kí wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi gbà pé omi tí mo dà ló pa bàbá mi. Mo kàwé, mo gba oyè, mo mọ ohun tí ń jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, síbẹ̀ n kì í gba Bọ́ládé kọjá bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Àbẹ̀kẹ́ ló gbà mí lọ́wọ́ èrò yẹn. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un tán, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nítorí ìgò kẹrosíìnì, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Omi lẹ̀yin dà nù. Ọ̀rọ̀ ni bàbá yín gbé mì." Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́ títí di ọ̀sán tí mò ń sọ yìí.

Nígbà tí àìsàn rẹ̀ wọ inú eegun, ìpè Dàpọ̀ ọmọ wa láti Ìbàdàn ni mo kọ́kọ́ fi mọ̀ pé Àbẹ̀kẹ́ ń pa irọ́ kan náà tí bàbá mi pa. "Kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀, ọmọ mi," á wí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa gbọ̀n lábẹ́ àga. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó parọ́ ohun gbogbo fún mi, kó má parọ́ ìyẹn. Kò ṣèlérí. Ní ilé ìwòsàn, níbí ní Ìsọlọ̀, kò jìnnà sí ilé wa ní Ire-Akari, pásítọ̀ ọ̀dọ́ kan ń yí ká láàárín ibùsùn, ó ń gbé ọwọ́ lé orí àwọn aláìsàn. Ó dé ọ̀dọ̀ Àbẹ̀kẹ́. "Màmá, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbàgbọ́: ìrora ti lọ!" Àbẹ̀kẹ́ ní, "Pásítọ̀, ẹ wá sùn síbí, kí èmi dúró níbẹ̀ yẹn, ká wo ẹni tó máa sọ ọ́." Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, títí kan pásítọ̀ náà. Mo rò pé àwàdà lásán ni. N kò mọ̀ pé ó ń múra láti sọ òtítọ́.

Nítorí náà, nígbà tó ní kí n gbé ọwọ́ lé òun, mo ní n kò ní ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. "Ta ló béèrè ẹ̀bùn? Ẹ ṣáà bi mí ní ìbéèrè yẹn. Mo máa dáhùn." Mo fọ ọwọ́ mi. Mo ti ọ̀kan sábẹ́ ìbàdí rẹ̀, eegun ni mo bá. Mo gbé èkejì lé e. Mo wá béèrè.

"Níbo ló kù sí?"

"Ibẹ̀ yẹn. Gan-an."

Mo dúró. Mo tún béèrè. Ó ní ó ti bọ́ sí itan. Mo tẹ̀ lé e. Ó ní orúnkún. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀, bóyá ó ń ṣàánú mi, n kò lè mọ̀; ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ọrùn ẹsẹ̀, tí mo béèrè, ó di ojú pọ̀, ó ní, "Bàbá Dàpọ̀, ó kù síbi gbogbo. Mi ò lè gbé e mọ́. Ẹ pè wọ́n." Omi ń ṣàn lójú rẹ̀ sí etí. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo pe nọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin náà ní ó di agogo mẹ́rin kí àkókò abẹ́rẹ́ tó pé. Mo ní, "Ọmọ mi, ó ti sọ ọ́. Jọ̀wọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sọ ọ́." N kò mọ ohun tó rí lójú mi, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́, ó sì lọ pe dókítà. Wọ́n fún un ní èyí tó lágbára jù. Mo tún gbé ọwọ́ lé e títí ó fi sùn, eyín rẹ̀ tú sílẹ̀ bí ti bàbá mi ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Mo fi omi ṣan ọwọ́ mi nínú abọ́ rẹ̀. N kò lè dà á síbẹ̀. Ọkùnrin tó ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, mo rọ omi ìfọwọ́ sínú ike omi, mo dé e, mo gbé e mọ́yà nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá títí dé ilé.

Wọ́n pè mí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó wọ bàtà. Kò jí láti inú oorun náà.

Obìnrin tó wẹ̀ ẹ́ jáde wá bá mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, ọwọ́ òsì nìkan ni èékánná wà. Ṣé kí n gé e?" Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Àwọn ènìyàn wá, wọ́n sì lọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ń sè fún mi, wọ́n ń fọ aṣọ fún mi, wọ́n ń dáhùn fóònù mi. Ike omi náà wà lẹ́bàá fèrèsé ilé ìdáná. Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ dà á nù lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, àwọn tó wà níbẹ̀ sì wo ara wọn lójú bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣe nípa opó ọkùnrin. Gbogbo ẹni tó bi mí léèrè ara, "A dúpẹ́" ni mo fi dá a lóhùn. Ní òwúrọ̀ tí ẹni tó kẹ́yìn lọ, Dàpọ̀ pè. "Bàbá mi, ṣé ara yín le?" Mo ti la ẹnu láti dúpẹ́. Mo ní, "Ó ń dùn mí." Ó wá béèrè, kò sì mọ ohun tó ń béèrè, pé, "Níbo, Bàbá?" N kò rí ibì kan pàtó sọ fún un. A jọ wà lórí fóònù láìsọ̀rọ̀ títí owó ìpè rẹ̀ fi tán.

Mo gbé ike náà. Mo gba ẹ̀yìn ilé lọ, mo kọjá okùn aṣọ àti táńkì omi, títí mo fi dé ìdí ògiri tiwa tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá. Ó fúyẹ́ ju ti ìgbà náà lọ. Mo ṣí i, mo rọra dà á sílẹ̀ títí ó fi kán tán, mo dé e padà, mo sì rìn wọlé. N kò bojú wẹ̀yìn.